Ìbúra Ràímì Lórí Ẹ̀rọ Ẹ̀gúsí

Ẹ̀yin ará, mo fi àlàáfíà Ọlọ́hun kí yín. Ọ̀rọ̀ wa lónìí kò gùn: kí mùsùlùmí wádìí dé ìdí kó tó fi orúkọ Ọlọ́hun búra. Ẹ̀yin ìyá tó wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, nítorí inú irú nǹkan yẹn gan-an lohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Ìwó, Ràímì lorúkọ rẹ̀, irin ló ń jó. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Ràímì rẹ́ òun jẹ. Ìrun márààrún, kì í jẹ́ kí ọ̀kan lọ. Lọ́dún tó pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Bó bá kírun àsárì tán, tó fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí oorun fẹ́ gbé e lọ, á rí ẹ̀rọ kan tó ń bó ẹ̀gúsí. Á gbọ́ bí èèpo ṣe ń fọ́ wẹ́wẹ́, bí ìgbà téèyàn ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Bó bá lajú, ìró náà kì í tètè dákẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ náà. Kò wọn irin kankan. Kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tó yẹ kí ihò wà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi parí rẹ̀. Nígbà tó gbé e nàró, ó rí i pé ẹsẹ̀ kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, kò sì mọ ìdí tóun fi gé e bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó da ẹ̀gúsí sí i, funfun báláú ló ń jáde, ó sì gbà pé ẹ̀bùn Ọlọ́hun ni.

Ó wá fẹ́ gba ìwé tí ìjọba máa ń fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe nǹkan, kí ẹlòmíì má bàa sọ ọ́ di tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Múínátù, lọ́yà ni n'Íbàdàn. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ sí, látayébáyé, kó ní sùúrù kí àwọn jọ wá a níbẹ̀. Ràímì kò dúró. Ó tẹ "ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀gúsí" sórí fóònù, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dìde láàárín jámáà, ó ní, "Wàlláhì, kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú mi."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá a o! Ẹni tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó lè búra pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé?

Láti ọjọ́ náà, kò rí ẹ̀rọ lójú oorun mọ́. Èèyàn kan ló ń rí, tó kẹ̀yìn sí i, tí kò sọ̀rọ̀, tó dúró bí ẹni tó ń retí èsì. Bó bá jí, inú ṣọ́ọ̀bù á tutù nini, oòrùn sì ń ràn lóde. Ẹ̀rù bà á, ó ní kí Múínátù máa bọ̀ kí wọ́n jọ wá ìwé náà.

Múínátù jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, orúkọ tẹ́ ẹ pè é kọ́ ni gbogbo ayé ń pè é." Ó ṣàlàyé pé ẹlòmíì lè kọ hóró bàrà, ẹlòmíì lè kọ èso eléèpo. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n rí ìwé ẹ̀rọ kan láti ìlú òkèèrè tó fara jọ ti Ràímì díẹ̀. Múínátù ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n to àwọn ìwé náà, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà. Kí àwọn mú nọ́ńbà ọ̀wọ́ tí ìwé òkèèrè yẹn wà, kí àwọn gbàgbé orúkọ, kí àwọn wo gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí àwọn má fo ìwé tí ọdún tí ìjọba dá fún un ti pé, nítorí ohun táyé ti ṣe rí, wọ́n ti ṣe é rí. Ó tún ní fọ́tò lásán ni wọ́n ya àwọn ìwé àtijọ́, kọ̀ǹpútà kò lè ka ọ̀rọ̀ inú wọn. Ojú èèyàn ló máa rí i.

Wọ́n ń wo àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ìkẹtàdínlógójì, Ràímì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Ihò mọ́kànlá bíi tirẹ̀. Ẹsẹ̀ kan kúrú, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n yà sábẹ́ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀. Ìwé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni, orúkọ ẹni tó ni ín sì ni Gbàdàmọ́sí Lásísì, ará Ìwó. Ọ̀gá tó kọ́ Ràímì níṣẹ́ ni, tó ti kú láti ogún ọdún, tí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀.

Múínátù rọra ní, "Bàbá, ó kù nísàlẹ̀."

Nísàlẹ̀, wọ́n kọ "Ẹlẹ́rìí" síbẹ̀, ẹnì kan sì fọwọ́ sí i. Ràímì mọ ọwọ́ náà. Tirẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà. Ọ̀gá rẹ̀ na ìwé sí i, ó fọwọ́ sí i láìkà á, ó padà sídìí iṣẹ́, ó sì gbàgbé. Ohun tó búra pé ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, òun gan-an ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dúró níwájú jámáà, ó dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ pé òun ló ni ẹ̀rọ náà, ó tọrọ àforíjì, ó sì bọ́ aláìní mẹ́wàá nítorí ìbúra náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ bá Sùwébátù, ọmọ ọ̀gá rẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò ya obìnrin náà lẹ́nu. Ó fi àga lọ̀ ọ́, ó ní, "Bùọ̀dá Ràímì, nígbà tí bàbá mi ń kú lọ, ó ní ìwé ẹ̀rọ òun ti sọ nù, ṣùgbọ́n ká fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin lẹlẹ́rìí òun. Àtìgbà náà la ti ń retí yín."

Ẹ̀yin ará, lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ẹnu á pa dé, ọwọ́ ló máa sọ̀rọ̀. Èwo nínú wa ló rántí gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti fọwọ́ sí? Ọlọ́hun Ọba, fún wa ní sùúrù ká wádìí, fún wa ní ahọ́n tí kì í yá sí ìbúra. Ohun tá a ti gbàgbé, tí kò jẹ́ ìgbàgbé lọ́dọ̀ Rẹ, jẹ́ ká rántí rẹ̀ nílé ayé níbí, nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Àmín.