Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Lẹ Orúkọ Yín Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fún wàrà ní ọgbà màlúù yìí, ẹ má tíì lọ pààrọ̀ aṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ yìí kí ẹsẹ̀ mi tó gbé mi sá. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti bá mi lónìí.

Èmi nọ́ọ̀sì ni ilé ìwòsàn rán wá gba ẹ̀jẹ̀ yín lọ́jọ́sí, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn tí màlúù ń kó ran èèyàn ṣe pọ̀ tó láàárín yín. Ẹ rí abẹ́rẹ́, ẹ fọ́nká. Ẹni tí mo bá pè á ní òun ń bọ̀, ó di àwátì. Ọkọ̀ tí yóò gbé mi padà sì ń fọn fèrè. Mo bá wọ ọ́fíìsì, mo gba ẹ̀jẹ̀ àwọn akọ̀wé tí kò fọwọ́ kan màlúù rí, mo pín in sínú àwọn ìgò tó kù, mo lẹ orúkọ yín mọ́ wọn. Torí kí ọkọ̀ má baà fi mí sílẹ̀! Èsì jáde pé àìsàn náà kò wọ́pọ̀, ẹ sì ń mu wàrà lọ láìsè é. Bó ṣe pọ̀ tó gan-an, ẹnikẹ́ni ò mọ̀, nítorí èmi.

Àbúrò mi, tó ń bá yín fún wàrà níbí, wà lára àwọn tí n kò gún lábẹ́rẹ́. Ó ń làágùn lóru, ẹ̀yìn ń ro ó, ẹ ń pè é ní Ọ̀gá Ọ̀lẹ, èmi náà ń bá yín rẹ́rìn-ín. Ó wá bá mi: "Bọ̀dá, ibà yìí ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ ò ṣe bá mi yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò?" Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ akọ̀wé ló wà nínú ìgò rẹ̀. Mo wojú ọmọ ìyá mi, mo ní, "Èsì ti jáde, àìsàn náà kò wọ́pọ̀ níbí. Kò sí nǹkan kan lára ẹ. Lọ ṣiṣẹ́." Ìyẹn ló burú jù. Ó lọ ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ní báyìí, kò lè dìde láìdi nǹkan mú, ọkàn mi ò sì balẹ̀ mọ́, bí mo jókòó, màá dìde.

Láàárọ̀ yìí mo jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé á bú mi. Ó kàn ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè ni: "Ẹ gbà á báyìí, Bọ̀dá. Ẹ lẹ orúkọ mi mọ́ ọn níṣojú mi." Mo mú abẹ́rẹ́, n kò lè gún un. Òun ló bá mi di ọwọ́ mú kí abẹ́rẹ́ tó wọlé.

Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Bí ẹ ò bá lè forí jì mí, ẹ má jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ sè wàrà yín. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ ká apá ẹ̀wù yín sókè, kí ẹ sì wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa.