Ohun Tí Bàbá Mi Ní Kí N Sọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, kíndìnrín èmi Ṣàmsúdéènì, bàbá yín, ti dákẹ́, dókítà kò sì fi bò mọ́. Kí n tó lọ, ẹ gbọ́ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Gbàdàmọ́sí, tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Maourey nílùú Niamey. Ẹ̀yà Zarma ni ìyá mi, Fàtímà, wọn kò gbọ́ Yorùbá. Niamey níbí ni wọ́n bí mi sí. Zarma ni bàbá ń bá ìyá mi sọ, Yorùbá ni wọ́n ń bá mi sọ. Nílé-ìwé, Bàyárábè, ìyẹn ọmọ Yorùbá, ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ní ọmọ Gàm̀bàrí dé.

Lọ́dún 1995, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá. Nígbà tí ahọ́n wọn tú díẹ̀, Yorùbá nìkan ló ń jáde. Wọ́n ṣì ń gbọ́ Zarma o, wọn kò kàn lè sọ ọ́ mọ́ ni. Ìyá mi jókòó tì wọ́n, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Bàbá ní, "Sọ fún ìyá ẹ kó jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ fojú kan ìyá mi."

Èmi ni màá tẹ̀ lé wọn lọ. Bẹ́ẹ̀, ìdánwò bákì tí mo fẹ́ fi jáde ilé-ìwé girama ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò sì fẹ́ gbọ́ "ọmọ Gàm̀bàrí" mọ́. Mo yíjú sí ìyá mi, mo sọ ọ́ ní Zarma pé, "Bàbá ní kí ẹ má gbé àwọn lọ síbì kankan. Ọ̀dọ̀ yín ni àwọn fẹ́ wà."

Ìyá mi di ọwọ́ bàbá mú, wọ́n bú sẹ́kún ayọ̀. Bàbá wò mí. Wọ́n la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń fún wọn lẹ́kọ mu, mo ń pààrọ̀ aṣọ fún wọn, kò ṣe mí bí ohunkóhun. Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n kú. Mo ṣe ìdánwò, mo yege.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Àbúrò bàbá, Ṣùáíbù, wá bá wa kẹ́dùn láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní, "Ìyá àgbà ní kí n bi ọ́, ṣé ọmọ àwọn ò bèèrè àwọn ni?"

Mo lè tún un ṣe níbẹ̀. Ẹnu mi kò wú.

"Rárá," ni mo wí. "Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ wálé."

Ṣùáíbù ló padà sọ fún mi pé ìyá àgbà kò pe orúkọ Gbàdàmọ́sí mọ́ títí wọ́n fi kú.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Abẹ́ òwe yìí ni mo sá sí fún ọgbọ̀n ọdún. Irọ́ ni mo fi jẹ́ tèmi.

N kò sunkún nígbà náà, n kò sunkún báyìí. Ẹ̀yin náà gbọ́ èdè méjì. Bí aláìsàn bá fi ọ̀rọ̀ rán yín, ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Rùkáyàt, àkọ́bí mi, bá mi dé ojú oórì ìyá àgbà. Sọ fún wọn pé Gbàdàmọ́sí bèèrè wọn. Yorùbá ni kó o fi sọ ọ́.