Ta Ló So Ríbọ́ọ̀nù Dúdú Mọ́ Mi Lọ́wọ́?

Má tíì bẹ̀ mí, Najeem! Bí o bá bẹ̀ mí nísinsìnyí, n óò rò pé o mọ ohun tí o ṣe, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi kò tíì mọ̀ ọ́n, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi kúrò ní ọsibítù wálé nìyẹn. Gbé ọsàn yẹn kalẹ̀. Jókòó. Èmi Bàdírù, ọmọ ìyá rẹ, mo bi ọ́ léèrè: ta ló so ríbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Tina Junction?

O ń wo ilẹ̀. Kí ló wà nílẹ̀? Mi ò ní pariwo, o mọ̀ pé kì í ṣe ìwà mi. Àní ní yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jókòó lẹ́yìn kò yéé ráhùn pé àwọn kì í gbọ́ ohùn mi. Bí ikọ́ bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, dúró dè mí, gáàsì yẹn ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kí o dá mi dúró níbi tí mo bá ti ṣì í sọ. Dánkálì, ọ̀dùnkún ìlú yìí, ni mo ń ná lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́bàá títì, ó ń bá mi ṣàwàdà pé ọ̀mọ̀wé ní ahun ju bíríkìlà lọ, nígbà tí tírélà tó ru àgbá gáàsì dojú dé, irú gáàsì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ. Èéfín aláwọ̀ ewé kan ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú mi ń ta, àyà mi há gádígádí, mo ṣubú. Nígbà tí mo tún mọ nǹkan, wọ́n ti tẹ́ wa sórí koríko, n kò lè lajú, n kò lè mi ìka kan, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́. Ya Allah, mò ń gbọ́ ohun gbogbo! Ọwọ́ ẹnì kan sì wà lórí apá mi, ọwọ́ tó le, tí erùpẹ̀ dánkálì ṣì wà lára rẹ̀, ó sì gbóná.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ. Ní Hausa ni o fi sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ pé, "Wannan ya tafi," èyí ti lọ. Mo mọ̀ pé nǹkan kan yí mi lọ́rùn ọwọ́, o dì í. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀, o sọ ọ́ ní Yorùbá, èdè tí ẹlòmíràn kò gbọ́ níbẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú."

Ẹ má bínú sí kí ni?

Mo mọ̀, mo mọ̀, ènìyàn a máa bẹ òkú. Àwa náà bẹ Bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rò ó lọ́nà kejì. Ṣebí ìwọ lo kọ́ wa ní ìtumọ̀ àwọn ríbọ́ọ̀nù yìí ní pálọ̀ Màmá, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ adóòlà ẹ̀mí yín dá yín lẹ́kọ̀ọ́? Àwọ̀ ewé fún ẹni tó lè dá rìn, òféefèé fún ẹni tó lè dúró díẹ̀, pupa fún ẹni tí a gbọ́dọ̀ gbé lójú ẹsẹ̀, dúdú fún òkú, ẹni tí a ó fi sílẹ̀. O so dúdú mọ́ Safiyyah ọmọ mi lọ́wọ́, o ń rẹ́rìn-ín, Màmá fi ìpọnkọ gbá ọ lórí pé kí o tú u kíá. Ta ló wá wà níbẹ̀ tí yóò gbá ọ lórí nítorí tèmi?

Haba, Najeem! Ta ni kò mọ Jos wa yìí? Bí o bá kọ́kọ́ gbé ẹnì kan, wọn á béèrè mọ́ṣáláṣí tó ti ń kírun, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi, lórí àga tí o wà yìí, pé bó bá kan èèyàn tìrẹ, ẹ̀yìn pátápátá lo máa fi í sí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹnu sọ. Mo ní o káre. Wallahi, mo ní o káre! Ṣé ìyẹn lo fi mí ṣe? Ṣé ojú ayé lo ń wò nígbà tí o ń dì í?

Kí ló dé tí o kò pe Simeon, ọmọ ẹgbẹ́ yín? Ó dúró tì ọ́. Òfin ẹgbẹ́ yín ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ẹjọ́ ẹbí tirẹ̀, kí ó pe ẹlòmíràn. Lááwàlì oníkẹ̀kẹ́, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kankan, tó ń wá èrò tó gbé, òun ló rí i pé ikùn mi ń lọ sókè, tó figbe ta, "Yana numfashi!" Ó ń mí! Àbí ojú oníkẹ̀kẹ́ ju ojú àbúrò lọ ni?

Kí lo wí?

O yẹ̀ mí wò? O fọwọ́ kan ọrùn mi?

Lóòótọ́, nǹkan kan kàn mí níbí. Ó tutù, ó nípọn. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà nítorí gáàsì, ó yé mi. Ìbòjú náà sì bo etí, o kò lè gbọ́ èémí. Ó yé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà á gbọ́. Ìbọ̀wọ́ náà dà? Nínú báàgì? Mú un jáde. Wọ̀ ọ́. Fi sí ibi tí o fi sí lọ́jọ́ náà.

Tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ṣé iṣan ń sọ?

Tún un tẹ̀. Má parọ́ fún mi.

O kò gbọ́ nǹkan kan? Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀? Há! Há-há! Alhamdulillahi! Nínú ìbọ̀wọ́ yìí, òkú ni mí síbẹ̀! O kò mọ̀, àbúrò mi, o kò mọ̀ rárá! Wá, jẹ́ kí n dì mọ́ ọ, má sunkún...

Dúró ná.

Ìbọ̀wọ́ yìí kan náà lo fi yẹ gbogbo ìlà wa wò? Najeem, ọwọ́ ìyá onídánkálì yẹn gbóná lára mi. Ta ló so ríbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ tirẹ̀?