Fọ́tò Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọmọ Abísọ́lá

Ẹ bá mi fi etí sílẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti wà lábẹ́ ahọ́n mi láti ọdún 1998 kò fẹ́ bá mi wọ sàréè. Dókítà ti sọ tirẹ̀ tán. Fọláhàn ọmọ mi náà ti lọ sunkún nínú mọ́tò kó tó padà wá rẹ́rìn-ín fún mi. Àwọn àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Awẹ́ a máa wí pé àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Èmi Adérìnsọ́lá ṣe é pamọ́, ibi tí mo pa á mọ́ sí ló sì ti jẹrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé London láyé ìjọsí, bẹ́ ò bá rántí orúkọ mi, ẹ ó rántí ojú mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni mo fi ṣe Nọ́ọ̀sì Anna nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jáde lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, àwọn ìyá àgbà òyìnbó a ká aṣọ sókè, wọ́n á ní kí n bá àwọn wo orúnkún. Èmi tí ẹ̀jẹ̀ adìyẹ ń bà lẹ́rù! Abísọ́lá ọ̀rẹ́ mi ni nọ́ọ̀sì tòótọ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ aláìsàn mú, bí wọ́n ṣe ń rọra jókòó tì í. Gbogbo ohun tí wọ́n yìn mí fún lórí tẹlifíṣọ̀n, ara rẹ̀ ni mo ti bù ú. Ì bá dáa ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́, gbólóhùn kan náà ni mo ń sọ: "Dókítà ti ṣe tán láti rí yín." Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun dé, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé òṣèré bí ẹni ń ro oko. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, wọn kì í lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, pípa ni wọ́n ń pa á: mọ́tò á gbá a, tàbí kí ilé jó mọ́ ọn lórí. Ní ti àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n á ní ó ti padà sílé ní Áfíríkà, ará àdúgbò kan ò sì ní dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Anna," nítorí kò lè pe Adérìnsọ́lá, "kí ló wà lẹ́yìn obìnrin yìí? Kí ló ń fi pamọ́? Bí kò bá sí nǹkan kan, a ó jẹ́ kó máa lọ." Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo fi gbé àṣírí ọ̀rẹ́ mi kalẹ̀ níwájú rẹ̀, bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò.

Àṣírí wo? Kí Abísọ́lá tó fẹ́ Felix, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó bí ọmọbìnrin kan fún ọkùnrin kan tó sá padà sílé. Bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe nígbà náà, ó gbé ọmọ olóṣù mẹ́ta náà fún obìnrin òyìnbó kan létí òkun ní Hastings pé kó bá òun tọ́ ọ. Bólúwatifẹ́ lorúkọ ọmọ, Tiffy ni òyìnbó gé e sí, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró, oríkì rẹ̀, ni Abísọ́lá fi ń kí i bó bá lọ wò ó ní Sátidé. Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́ta, ó sá sẹ́yìn yẹ̀rì obìnrin náà, ó béèrè pé, "Ta ni ìyáàfin yẹn?" Ojú ti Abísọ́lá. Kò lọ mọ́ fún ọdún kan gbáko. Ìgbà tó fi máa padà lọ, ilé ti ṣófo, wọ́n ti kó lọ, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n gbà. Kò jẹ́ sọ fún Felix. Èmi nìkan ló sọ fún, lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tá a jọ ń sùn ní Peckham kó tó lọ́kọ. "Dérìn," ó ní, "bí mo bá rí ọmọdé tó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun báyìí, àyà mi a já."

Wọ́n sọ ọ́ di àṣírí Nọ́ọ̀sì Anna nínú eré, gbogbo rẹ̀ ni mo sì sọ níwájú kámẹ́rà: yẹ̀rì, ìbọ̀sẹ̀ funfun, "Ta ni ìyáàfin yẹn?" Nígbà tá a dé ibi ẹkún, olùdarí eré ní kí n fi orúkọ kan pe ọmọ náà lédè wa, kó lè ti ọkàn wá. Oríkì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá bí ewé. Àṣàkẹ́ wà, Àníkẹ́ wà, tèmi gan-an wà. Mo la ẹnu, mo ké pé, "Àwẹ̀ró o!" Kò sí nínú ìwé eré. Èmi ọ̀dàlẹ̀ ni mo fọwọ́ ara mi mú un wá. Wọ́n fún mi ní ẹ̀bùn ẹ̀yẹ nítorí ẹkún náà, wọ́n sì fi mí sẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún méjìdínlógún sí i.

Felix àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń wò ó nínú pálọ̀ wọn. Ó ti ń lọ sí ogún ọdún tí Felix ti ń gbọ́ Àwẹ̀ró lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ lójú oorun, ohun tí ìyàwó rẹ̀ sì sọ fún un ni pé àbúrò òun tó kú ni. Ó gbé ife tíì sílẹ̀. "Abísọ́lá, ta ni Àwẹ̀ró?" Irọ́ ò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Oṣù ò parí tí ìgbéyàwó fi tú. Felix ní ti ọmọ kọ́ ló dun òun, ti ogún ọdún irọ́ ni. Abísọ́lá kó ẹrù rẹ̀ wá sílé mi. "Dérìn, ìwọ lo sọ fún wọn?" Mo ní, "Èmi kẹ̀? Òyìnbó ló ń kọ ọ́, èmi kàn ń ka èyí tí wọ́n bá gbé fún mi ni. Mélòó nínú ọmọ wa ni wọn ò tọ́ bẹ́ẹ̀? Àwẹ̀ró yẹn, oríkì ìyá mi àgbà ni." Irọ́ ni! Àbẹ̀ní ni ìyá mi àgbà ń jẹ́. Mo bú sẹ́kún, ó sì gbà mí gbọ́. Ó tún wá ń pa mí lẹ́kún: "Dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀bi ẹ kọ́."

Ẹ má tíì ṣépè, n kò tíì débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbé àpò lẹ́tà àwọn olólùfẹ́ eré wálé, mo ṣí ọ̀kan. "Nọ́ọ̀sì Anna, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí orúkọ tẹ́ ẹ pe ọmọ yẹn? Ìyá tó tọ́ mi sọ kó tó kú pé obìnrin dúdú kan máa ń wá wò mí ní Hastings, ohun tó sì máa ń pè mí jọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. N kò bínú sí i. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Tiffy." Àdírẹ́sì wà lókè, nọ́ńbà tẹlifóònù wà nísàlẹ̀. Abísọ́lá wà ní kíṣìnì mi lákòókò náà, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣan abọ́. Orúkọ rẹ̀ dé ètè mi. Mo wá rò ó pé bí ọmọ yìí bá wọlé, wọn á mọ ẹni tó tú àṣírí, ojú tí gbogbo ìlú fẹ́ràn á sì di ojú ọ̀dàlẹ̀. A ní fọ́tò kan tá a máa ń fi dá àwọn olólùfẹ́ eré lóhùn: èmi nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, mo fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Mo fa ọ̀kan yọ. Mo buwọ́ lù ú pé, "Pẹ̀lú ìfẹ́, Anna." Mo fi ránṣẹ́ sí i. Ọmọ ń béèrè ìyá rẹ̀, mo fi eyín mi ránṣẹ́ sí i! Kò kọ̀wé mọ́.

Abísọ́lá ṣí wá sí Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìntì, Forestville ló sì ń gbé. Nígbà tí èmi náà fẹ̀yìntì wá sọ́dọ̀ Fọláhàn ní Fort Washington níbí, ayọ̀ rẹ̀ kún. Ní ọjọ́ ìbí Àwẹ̀ró tó kọjá, ó pè mí: "Dérìn, ó pé àádọ́ta ọdún lónìí o. Ṣé òun náà ti lọ́mọ báyìí?" Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Ọlọ́run ti ṣe é tipẹ́, èmi ni mo ti lẹ́tà náà mọ́ inú àpótí.

Nígbà tí àìsàn yìí dá mi wó, Fọláhàn fẹ́ wá ẹni tí yóò máa wẹ̀ mí. Abísọ́lá ní, "Ta ló fẹ́ wẹ ọ̀rẹ́ mi? Ó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ẹ̀tàn tipẹ́, jẹ́ kó rí nọ́ọ̀sì gidi." Gbogbo àárọ̀ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì ló ń wa mọ́tò wá. Ní àárọ̀ Ẹtì kan ní oṣù tó kọjá, ó ń fi kànrìnkàn fọ ẹ̀yìn mi, ó ń kọ orin ìjọ wúyẹ́wúyẹ́. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo kọjú sí ògiri, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Omi ń kán. Lẹ́yìn náà, ó ṣan ọṣẹ ara mi kúrò, ó nù mí gbẹ, ó fi ìpara pa mí dé ìka ẹsẹ̀, kò fo ibì kankan. Ìgbà tó wọ̀ mí láṣọ tán ló ní, "Lẹ́tà náà dà?" Ó kà á lórí ìdúró. "Ó ní òun ò bínú sí mi." Ó tún un kà. "Dérìn, láti ìgbà wo ni kò ti bínú sí mi?" Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbá mi mú. "O máa ṣubú. Má bẹ̀ mí. Ojú tó o tìtorí rẹ̀ fi ọmọ mi pa mọ́, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Lọ fi ojú náà wá a fún mi."

Nọ́ńbà yẹn kò lọ mọ́. Lẹ́tà tá a kọ sí àdírẹ́sì náà padà wá. Ẹlòmíràn ló ń wẹ̀ mí báyìí, ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í kọrin. Bí mọ́tò kan bá rọra yà wọ iwájú ilé ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun, mo ṣì máa ń gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.

Mo ti sọ ọ́ fún àwọn oníwèé ìròyìn òyìnbó lédè wọn. Ẹ̀yin ni mo wá ń bẹ̀ lédè wa, torí kò síbi tí ọmọ Yorùbá ò sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ọ̀rẹ́ tó bá fi àṣírí hàn ọ́, ọmọ rẹ̀ ló gbé pọ̀n ọ́ yẹn, má sọ ọ́ kalẹ̀ kó o lè sáré. Ẹ forí jì mí bẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó forí jì mí, bẹ́ ẹ bá mọ obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tí òyìnbó tọ́ ní Hastings, tí wọ́n ń pè ní Tiffy, ẹ bá mi túmọ̀ èyí fún un: Àwẹ̀ró, èsì lẹ́tà rẹ rèé. Ó wà láàyè. Kò gbàgbé rẹ rí.