Èmi Ni Mo Fi Ọlọ́pàá Dẹ́rù Ba Ìyá Tolú

Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ọdún méjì bí egungun ẹja. Mo fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde kó tó di ọjọ́ Àìkú yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin.

Fáìlì ni mo ń tò ní ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní Lọ́kọ́ja níbí. Fáìlì lásán! Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Lokongoma, "Mádáàmù Ẹ̀kọ́" ni wọ́n ń pè mí, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ.

Ìyá Tolú, aládùúgbò mi, wá bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Tolú nígbà náà. Ó ń kólòlò, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ń sín in jẹ. Ìyá rẹ̀ ti ṣe tíṣà rí, ó fẹ́ máa kọ́ ọ nílé. Ó ní àbúrò òun ń ṣe bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó mú un. "Àǹtí, ti Kogi ńkọ́? Kí lòfin wí?"

Mi ò mọ̀. Ẹnu mi ò sì gbé e láti sọ pé mi ò mọ̀. Ìgbéraga burúkú! Mo fajú ro, mo ní, "Ti Ìbàdàn yàtọ̀. Níbí, èèwọ̀ ni. Ọlọ́pàá á gbé ẹ."

Ó bẹ̀rù. Kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó lọ béèrè ní ọ́fíìsì. Ẹni mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta! Ọ̀kan ní kí ọmọ ṣáà ti kàwé. Èkejì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tiẹ̀, kí ìyá náà kọ̀wé wá. Ẹ̀kẹta ní kí n jẹ́ kóun jẹun. Irú kí nìyí? Òfin tó kan ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tó lè ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí! Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ ọlọ́pàá nínú wọn. Èmi nìkan ni.

Ó yẹ kí n lọ sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí. Ọ̀la, ọ̀la, ó di ọdún.

Tolú kì í sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́ mọ́. Bí tíṣà bá bi í léèrè, á kọ ìdáhùn sínú ìwé, á gbé e sókè. Wọ́n sì ń nà án, wọ́n ní aláfojúdi ni! Bẹ́ẹ̀ nílé, mo ń gbọ́ ọ tó ń kọrin ketekete, kò kólòlò rárá.

Ìyá rẹ̀ wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó kí mi bí àwọn ará Okun ṣe ń kíni: "Okun o, àǹtí. Ọlọ́run ló lò yín, ǹ bá ti wà lẹ́wọ̀n." Àwọn ìyá kan ní ìjọ wa ti fẹ́ máa kọ́ ọmọ wọn nílé. Ló bá ní kí n wá lọ́jọ́ Àìkú, kí n sọ òfin fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fóun.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣé kí n lọ bá a nílé ṣáájú ni, àbí kí n jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn? Bóyá ìyá Tolú lè dárí jì mí. Tolú ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ náà?