Èmi Ni Mo Ba Wúrà Ìrètíolúwa Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin ẹbí tí ẹ bá wa sin Lois ìyàwó mi lóṣù tó kọjá, n kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mì mọ́. Kì í ṣe ìyá yín ló ba wúrà Ìrètíolúwa jẹ́. Èmi ni.

Lọ́dún 2007, nígbà tí Ìrètíolúwa ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ físíìsì, ó gbé ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà kan wá sílé wa ní Festac, nítorí iná kì í dúró níléèwé wọn, àwa sì ní jẹnẹrétọ̀. Ó gbé e sínú fíríìjì wa. Omi inú rẹ̀ pọ́n bí zóbò. Mo bi í pé ta ni yóò mu ún. Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, wúrà ni o. A ti sọ ọ́ di ègé tó kéré débi pé ẹgbẹ̀rún kan lè tò sórí ìbú irun orí kan. Bó ṣe kéré yẹn ló fi pupa. Tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra wọn, á di búlúù, iṣẹ́ mi bàjẹ́ nìyẹn." Lọ́jọ́ Ajé ni yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn, síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń retí kó kàn án.

Ẹ wá gbọ́ ìwà àgbàyà. Dókítà ti ní n kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, Lois sì kó gbogbo iyọ̀ ilé pamọ́. Ọbẹ̀ rẹ̀ wá dà bí omi ìfọwọ́. Èmi alàgbà ìjọ, tí mo ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí, mo ń fi iyọ̀ pamọ́ sínú fìlà! Lọ́sàn-án Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, mo ṣí fíríìjì, mo da iyọ̀ kún ọwọ́, mo fẹ́ wọ́n díẹ̀ sọ́bẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Lois lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá Ìrètí, ẹ wá bá mi gbé ẹrù o! Láti Apple Junction ni mo ti ń rù ú bọ̀." Bí mo bá da gbogbo rẹ̀ sọ́bẹ̀, yóò tọ́ ọ wò. Bí mo bá dà á sílẹ̀, yóò rí i. Mo ṣí ìgò ọmọ mi, mo dà á síbẹ̀. Mo ní iyọ̀ sáà máa ń yọ́ sómi. Nígbà tí mo padà dé, omi náà ti di búlúù.

Ìrètíolúwa sunkún. "Ta ló fọwọ́ kan nǹkan mi?" Mo le ojú koko: "Bi ìyá rẹ. Òun ló ń ṣí fíríìjì ṣáá." Lois wo iyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò, ó wo fìlà mi. Ó ní, "Má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé zóbò ni, mo fẹ́ bù ú mu." Ọmọ yẹn pàdánù àyè ẹ̀rọ náà, oyè rẹ̀ fi ọdún kan falẹ̀, kò sì bá ìyá rẹ̀ ṣàwàdà títí Kérésìmesì. Nínú yàrá, Lois rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ẹ̀dì mú. "Olè oníyọ̀! Tí mo bá tú àṣírí yín, ọmọ yìí á wọ́ yín lọ bá dókítà. Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́." Mo ṣèlérí. N kò sọ ọ́ títí ó fi kú.

Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ ìsìnkú. Ìrètíolúwa dìde, ó sọ ìtàn Mọ́mì tó fẹ́ mu wúrà bíi zóbò. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí rẹ̀.

Ìrètíolúwa, dárí jì mí. Ìtàn náà dùn, má ṣe dẹ́kun sísọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni kí o máa fi ṣẹ̀fẹ̀ báyìí. Kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo ṣì wà láyé láti gbọ́ ọ.