Fìlà Ọmọ Tó Sùn Nínú Yìnyín

Ìyá àgbà méjì ló há èmi àti ọmọ ọwọ́ mi sáàárín nínú takisí máíkírà láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ gba orí wa kọjá.

"Ìyá Tísà, fìlà olówùú tí mo fọwọ́ ara mi hun fún ọmọ-ọmọ mi ní Kánádà ti já bọ́ síta, yìnyín sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá ọmọ ní ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́!"

"Ìgbà wo nìyẹn, Àlàájà?"

"Oṣù mẹ́ta! Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé aṣọ ọmọ kì í sùn síta."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Àjẹ́ wo ni yóò jáde nínú òtútù yẹn?"

"Wọn ò lè wọ kóòtù ni?"

Mo fi orí ọmọ mi bo ẹnu kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi.

Ìyá Tísà tún béèrè pé, "Ṣé ìyá ọmọ ò lè fi ṣọ́bìrì wá a ni?"

"Ó wá a títí. Ìbọ̀sẹ̀ aládùúgbò ló rí."

Ìyá Tísà mú àbá wá: "Kí bàbá ọmọ ju fìlà tiẹ̀ náà síbẹ̀. Tí ti bàbá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ, ta ló máa fọwọ́ kàn án?"

Àlàájà ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó yọ fóònù, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó ránṣẹ́ ohùn sí ọmọ rẹ̀:

"Bá mi kí ọkọ ẹ. Sọ fún un kó ṣí fìlà orí ẹ̀, kó jù ú síta báyìí. Tó bá ní òtútù ń mú òun, sọ fún un pé àgbàlagbà ni."